Yeast inú ẹ̀jẹ̀ bàbá alálùbọ́sà

Ẹ fún mi láyè kí n ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀ ní lab ilé ìwòsàn wa ní Ìkòsì láìpẹ́ yìí. Kò gùn, ẹ fọkàn balẹ̀.

Iṣẹ́ tèmi ni kí n wo oògùn tó lè ká kòkòrò àìsàn lọ́wọ́ kò. Èmi kì í sábà rí aláìsàn, ó sì tẹ́ mi lọ́rùn bẹ́ẹ̀. Kòkòrò kì í bú èèyàn!

Wọ́n gbé ẹ̀jẹ̀ bàbá kan tó ń ta àlùbọ́sà ní Mile 12 wá. Wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún bàbá, ó yọrí sí rere, àmọ́ ibà ò lọ. Yeast, kòkòrò kan tí ojú lásán ò lè rí, ló hù nínú ẹ̀jẹ̀ náà, irú èyí tó lágídí, tó máa ń lúgọ sí ilé ìwòsàn, lára bẹ́ẹ̀dì àti rọ́bà tí wọ́n fi ń fa omi síni lára.

Mo to oríṣiríṣi oògùn sínú àwo ike oníhò kéékèèké, mo da yeast náà sí gbogbo rẹ̀. Ihò tó bá dà bí omi ògì, yeast ń jayé níbẹ̀ nìyẹn. Èyí tó bá mọ́ kedere, oògùn ti borí.

Nígbà tó di ọjọ́ kejì, mo yẹ̀ ẹ́ wò. Fluconazole tí gbogbo wa ń rà ní kẹ́mísì ńkọ́? Ògì! Èyí tó tẹ̀ lé e? Ògì! Abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo ló mọ́, ilé ìwòsàn wa ò sì ní in. Ẹbí ló máa lọ wá a níta, kíákíá, kí bàbá má bàa kú.

Mo pe wọ́ọ̀dù. Nọ́ọ̀sì ní ìyàwó bàbá ò wá mọ́. Kí ló dé? Wọ́n ti sọ fún mummy pé yeast ni!

Ẹ̀yin ará Èkó, ẹ ṣáà mọ ohun tí wọ́n ń pè ní yeast ládùúgbò. Àìsàn ojú ara obìnrin! Mummy ti parí ẹjọ́ lọ́kàn wọn: bàbá ti lọ kó o lára obìnrin kan, kí obìnrin ọ̀hún wá ra oògùn.

Mo rẹ́rìn-ín, kí n má parọ́. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rù bà mí.

Mo bẹ mummy lórí fóònù, wọ́n wá, wọ́n fajú ro. Mo fi àwo náà hàn wọ́n. Mo ní, "Mummy, kò sí obìnrin kankan níbẹ̀ o. Ilé ìwòsàn yìí ni bàbá ti kó o."

Ọ̀gá mi húkọ́ lẹ́yìn mi, bí ẹni pé kí n panu mọ́. Mo tún un sọ.

Mummy ní bàbá ò fẹ́ wá sílé ìwòsàn tẹ́lẹ̀, pé àwọn làwọn bẹ̀ ẹ́ títí tó fi gbà. Wọ́n ní kí n kọ orúkọ abẹ́rẹ́ náà gàdàgbà. Ifákọ̀ ni wọ́n ti rí i rà kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ibà náà lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀yin èèyàn mi, bí wọ́n bá dárúkọ àìsàn fún yín, ẹ bèèrè ibi tó ti wá kí ẹ tó bínú. Ẹ̀yin ńkọ́, orúkọ àìsàn wo ló ti dá ìjà sílẹ̀ nílé yín? Ẹ sọ ọ́ fún wa nísàlẹ̀.

Nọ́ọ̀sì ní nígbà tí ojú bàbá wálẹ̀, bàbá fúnra wọn bi mummy pé níbo ni wọ́n wà látọjọ́ yìí. Mummy ní oògùn làwọn ń wá kiri. Gbogbo wọ́ọ̀dù gbọ́ ọ, kò sì sẹ́ni tó já wọn nírọ́.