Ọ̀yà Tó Ń Gun Ọ̀pẹ

Rájí àgbẹ̀, bàbá Sìmbíátù, kì í jókòó pẹ́. Bí oúnjẹ bá wà níwájú rẹ̀, ojú rẹ̀ á wà lọ́nà Alájùé, níbi tí oko rẹ̀ wà. Láti ọdún 1956 tó ti rí ẹranko kan níbẹ̀ ni ara rẹ̀ kò ti balẹ̀ mọ́.

Orí àti eyín ẹranko náà, ti ọ̀yà ni. Ìrù rẹ̀ kún bí ti ọ̀kẹ́rẹ́, ilà funfun sì gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá títí dé abẹ́ apá. Láàárọ̀, a máa gé pòròpórò àgbàdo jẹ nílẹ̀. Bí oòrùn bá mú, á gun ọ̀pẹ lọ jẹ ẹyìn, á sì sùn sáàárín imọ̀ ọ̀pẹ.

Nígbà tó ròyìn rẹ̀ nílé, Sàídì ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní, "Rájí, o ò mu ẹmu, kí ló wá ń pa ọ́? Ọ̀yà wo ló ń gun igi?" Látìgbà náà, bó bá ti ń lọ oko, agbo ilé á ké tẹ̀lé e: "Bàbá Sìmbíátù, ẹ padà, a ti rí i!" Ẹ̀ẹ̀mejì ló yíjú padà, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n fi í rẹ́rìn-ín. Àwáwù ìyàwó rẹ̀ náà bá wọn rẹ́rìn-ín, ìyẹn ló sì dùn ún jù.

Lọ́dún kẹrin, pàkúté rẹ̀ mú ẹranko náà. Rájí ṣe bisimilá, ó dú u. Sísáré wálé ló kù, ṣùgbọ́n ọwọ́ tó ti ń wi ẹran láti ọgbọ̀n ọdún kò dúró gba àṣẹ. Ó dáná, ó ju ẹran sí i, ó ń yí i, ó ń fi ọ̀bẹ họ ọ́. Ìgbà tí ìrù di tẹ́ẹ́rẹ́ ló tó mọ ohun tó ṣe.

"Yéè! Mo gbé!"

Ẹ̀pa kò bóró mọ́. Irun ti lọ, ilà ti bá a lọ.

Nílé, Sàídì wo ẹran náà lọ́tùn-ún, ó wò ó lósì. "Ọ̀yà lèyí o. Ó kúkú sanra." Gbogbo agbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Rájí mú àdá, ó tún kọrí sí oko, ó ń lọ wá òmíràn.

Àwáwù gbé ẹran, ó ń fọ̀ ọ́. Lábẹ́ apá kan tí iná kò dé, ó rí irun díẹ̀ tí kò ju èékánná lọ: dúdú, funfun, dúdú. Ọ̀yà wo ló nílà funfun lára? Ojú tì í, àánú ọkọ rẹ̀ sì ṣe é. Ó fa irun náà tu, ó sáré jáde.

"Bàbá Sìmbíátù, ẹ padà! Mo ti rí i!"

Rájí gbọ́. Kò bojú wẹ̀yìn. Ńṣe ló tún yára sí i.