Bíréèkì Tó Já Lọ́nà Kalambaina

Nígbà tí dókítà ní kí n máa gun kẹ̀kẹ́ nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru, ìyàwó mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní ṣé èmi yìí, èmi tí mo máa ń gun máṣíìnì lọ ra ìṣáná ní òdìkejì títì? Inú bí mi. Ọjọ́ kejì ni mo lọ ra kẹ̀kẹ́ àlòkù kan lọ́jà, àfi kí n fi hàn án.

Jórinjórin ni mí. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí, ṣùgbọ́n ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń jó irin ní Sokoto, ní Kofar Rini. Níbí, àgbàlagbà tó ní ṣọ́ọ̀bù kì í ṣàdédé máa gun kẹ̀kẹ́. Àwọn Hausa tó ń ta tíì lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í kí mi pé "Sannu da haƙuri", ìyẹn ẹ kú ìfaradà, bí ẹni pé èèyàn mi kú. Ní ìpàdé àwa ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n gbàdúrà pé kí Ọlọ́run dá ohun tí mo pàdánù padà fún mi. Mo ní n kò pàdánù nǹkan kan. Wọ́n tún ṣe àmín.

Nígbà tó fi máa di oṣù kejì, kẹ̀kẹ́ ti wọ̀ mí lára. Gbogbo àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìrun Àsùbáà, màá gbéra ní Kofar Rini, màá gba àárín ìlú àtijọ́, níbi tí ògiri alámọ̀ ti sún mọ́ra débi pé bí ràkúnmí bá ń bọ̀ níwájú, ìwọ lo máa padà sẹ́yìn. Màá kọjá níwájú ààfin. Mo máa ń rọra wa kẹ̀kẹ́ níbẹ̀ kí àwọn dòǹgárì tó ń ṣọ́ ààfin má baà rò pé mo ń sá fún nǹkan kan. Lẹ́yìn ìyẹn ó di Kalambaina, lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ńtì, níbi tí ilẹ̀ ti funfun bí ẹ̀kọ. Oko ló kù lẹ́yìn rẹ̀: jéró, àlùbọ́sà tí ewé rẹ̀ tutù minimini, àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tí kì í yà fún ẹnikẹ́ni. Kasuwar Kara, ọjà ẹran, ni mo máa ń gbà wọlé padà. N kò lè ṣàlàyé rẹ̀ fún ìyàwó mi, ṣùgbọ́n inú mi máa ń dùn lójú ọ̀nà yẹn ju bó ṣe ń dùn níbikíbi lọ.

Ohun tó wà nílẹ̀ lásìkò tí mò ń sọ yìí ni pé àkọ́bí mi fẹ́ fẹ́ àbígbẹ̀yìn Bàbá. Bàbá ni olórí àwa ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ní Sokoto. Àlùbọ́sà ló máa ń rà lóko, tó ń kó ránṣẹ́ sí Ìbàdàn. Ẹ̀ẹ̀mejì la ti lọ tọrọ ọmọ, ẹ̀ẹ̀mejì ló ní ká fún òun láyè kí òun ronú. Níkẹyìn, ó ní ká wá gbọ́ èsì lọ́jọ́ Àìkú kan, lẹ́yìn ìrun Aláásárì. Ọmọ mi kò jẹun dáadáa mọ́. Ọkàn rẹ̀ kò sí níbi iṣẹ́ irin tí a jọ ń ṣe rárá. Ó jó ilẹ̀kùn oníbàárà kan mọ́ férémù rẹ̀ yíká, ilẹ̀kùn náà kò sì ṣeé ṣí títí di òní.

Ẹ̀rù ń bà wá nítorí gbogbo wa la mọ òfin Bàbá. Ẹni tó bá máa kí i gbọ́dọ̀ dọ̀bálẹ̀ gbalaja, kó dárúkọ agboolé rẹ̀, kó má sì dìde títí Bàbá yóò fi fọwọ́ kan ẹ̀yìn rẹ̀. Òṣìṣẹ́ báǹkì kan ti wá tọrọ ọmọ yìí kan náà ṣáájú wa. Ó wọ kóòtù, kò sì fẹ́ kó dọ̀tí, ó kàn tẹrí ba lásán. Wọ́n ní tíì tí wọ́n gbé fún un kò tíì tutù tí Bàbá fi ní kó máa lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí a fẹ́ gbọ́ èsì, ìyàwó mi dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, "Bàbá àwọn ọmọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó sílé lónìí. Ẹ má lọ ṣeṣẹ̀ ká tó dé ilé àna."

Mo ní kò sóhun tó máa ṣẹlẹ̀. N kò sọ fún un pé irin bíréèkì mi ti já láàárín ọ̀sẹ̀. Ọkùnrin tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní kí n ra òmíràn. Èmi? Èmi tí mò ń jó géètì tí tírélà ń gbà wọlé, kí n lọ ra irin tí kò tó ìka? Mo jó o fúnra mi.

Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan wà téèyàn bá ti kọjá Kalambaina. Mo dé àárín rẹ̀, mo tẹ bíréèkì, irin náà sì yọ sí mi lọ́wọ́. Báyìí ni mo ṣe ń sáré lọ sísàlẹ̀ tí mo di irin mú bí ẹni tó fẹ́ lọ fi í fún ẹnì kan. Nígbà náà ni mo rí Bàbá. Ó dúró sẹ́bàá ọ̀nà láàárín àpò àlùbọ́sà pẹ̀lú àwọn àgbẹ̀, ọmọbìnrin rẹ̀ tí ọmọ mi fẹ́ fẹ́ dúró tì í, ó mú ìwé àti bírò dání.

Ẹ wo ọ̀ràn! Bí mo bá fò sílẹ̀, màá kán lẹ́sẹ̀. Bí mo bá kọjá láì dọ̀bálẹ̀, ọmọ mi ò ní rí ìyàwó fẹ́. Mo bá gbìyànjú láti dọ̀bálẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́. Mo tẹ àyà mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́, mo na ẹsẹ̀ méjèèjì sẹ́yìn, mo sì fi gbogbo agbára kígbe pé, "Ẹ káàárọ̀ o, Bàbáááá!"

Àgbẹ̀ kan ní, "Kai!" Ọmọbìnrin náà fọwọ́ bo ẹnu. Bàbá ní tirẹ̀ yíjú sí apá ibòmíràn pátápátá, ó ń wo oko tí ẹnikẹ́ni kò sí níbẹ̀. Mo ní ó tán. Ó ti kọ̀yìn sí mi. Inú omi tí wọ́n fi ń rin àlùbọ́sà ni èmi àti kẹ̀kẹ́ parí ìrìn sí.

Mo pinnu pé kí n sáré dé ilé Bàbá kí òun tó dé, kí n dọ̀bálẹ̀ dè é lẹ́nu ọ̀nà. Sálúbàtà mi ni mo fi ń ṣe bíréèkì. Ní Kasuwar Kara, ọkùnrin kan na ọwọ́ sí mi pé kí n dúró wo àgbò. Mo ní n kò lè dúró, òtítọ́ pọ́nńbélé sì ni mo sọ. Àwọn àgùntàn yà, àwọn tó ni wọ́n ń ṣépè. Ní iwájú ààfin, eré tí mo sá kọjá mú kí dòǹgárì kan dìde dúró. Ìsàlẹ̀ sálúbàtà ẹsẹ̀ ọ̀tún ti jẹ tán kí n tó dé Kofar Rini.

Bàbá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ̀ kalẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ Màrúwá lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀ ni. Mo ju kẹ̀kẹ́ sọ́nà, mo da ara mi délẹ̀, mo ri ojú sínú yanrìn.

"Ẹ dárí jì mí, Bàbá! Kì í ṣe ìgbéraga. Bíréèkì ló já. Ẹ má torí mi fìyà jẹ ọmọ!"

"Ta nìyí?"

Mo dárúkọ agboolé wa. Ọwọ́ rẹ̀ bà lé mi lẹ́yìn.

"Kí ló dé tí ara rẹ tutù báyìí? Bíréèkì wo?"

"Ti kẹ̀kẹ́ mi, sà. Nígbà tí mo kọjá yín lóko láì dúró."

"Ìwọ ni? Ọmọ yìí sọ fún mi pé ẹni tó ń ta búrẹ́dì ni!"

Mo gbé orí sókè. Ọmọbìnrin náà wà lẹ́yìn bàbá rẹ̀, ó ń ju ọwọ́ méjèèjì pé kí n panu mọ́. Ó jọ pé láti ìgbà tí mo ti délẹ̀ ló ti ń jù ú. Èmi tí mo dojú bolẹ̀, báwo ni mo ṣe fẹ́ rí i?

Bàbá kò bínú. Ó mú wa wọlé, ó jókòó.

"Ojú mi ti lọ," ó ní. "Ó ti tó ọdún méjì. Ẹni tó bá dọ̀bálẹ̀, màá gbọ́ agboolé rẹ̀, màá fọwọ́ kàn án, màá mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá dúró kí mi, n kò mọ̀ ọ́n. Ọmọ yìí ló ń bá mi wo àlùbọ́sà, òun ló ń bá mi wo ọ̀nà. Bí mo bá wá fún ọmọ rẹ, ta ló kù fún mi?"

Àánú rẹ̀ ṣe mí, ojú sì tì mí gan-an, nítorí láti oṣù mélòó kan ni mo ti ń bú u nínú ọkàn mi pé agbéraga ni. Mo ní ilé tó bá tirẹ̀ pín ògiri ṣófo. Mo ní ọmọ mi máa gbà á, wọn ò ní kó lọ síbì kankan, a ó lu ògiri náà, màá sì jó ilẹ̀kùn irin sí i fúnra mi.

"Ìwọ tí bíréèkì já mọ́ lọ́wọ́?" Bàbá ní. "Jẹ́ kí ọmọ rẹ bá wa jó o."

N kò sọ ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn oníbàárà yẹn fún un.

Lẹ́yìn ìrun Aláásárì, gbogbo ẹbí pé. Ọmọ mi dọ̀bálẹ̀, Bàbá fọwọ́ lé e lẹ́yìn, ó sì pẹ́ kó tó gbé e kúrò. Lẹ́yìn náà ló sọ ọ̀rọ̀ ojú rẹ̀ fún gbogbo wa lẹ́nu ara rẹ̀, ó ní òun ti gbà, òun ti fún wa lọ́mọ. Ìyàwó mi sunkún. Èmi náà sunkún, ṣùgbọ́n mo ní eruku ni.

Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀lé ìgbéyàwó, Bàbá ránṣẹ́ pé kí n fi kẹ̀kẹ́ gbé òun lọ sóko kí ìyàwó tuntun lè sinmi. Mo ti ra bíréèkì tuntun nígbà náà, mo sì jẹ́ kí ẹlòmíràn so ó. Bàbá jókòó sẹ́yìn, ó di bẹ́líìtì mi mú. A kò tíì kúrò nínú ìlú tó fi ní kí n máa sọ ohun tí mò ń rí. Mo sọ ti ògiri alámọ̀, mo sọ ti ràkúnmí tó dúró bí ẹni tí wọ́n jẹ ní gbèsè, mo sọ ti dòǹgárì tó dá mi mọ̀ tó sì tún dìde. Nígbà tí a dé oko, ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu mi. Mo bá ní ẹyẹ funfun rẹpẹtẹ ń fò lórí àlùbọ́sà.

Bàbá tẹ́tí sí oko. Ó ní, "Irọ́ lò ń pa. Kò sí ẹyẹ kankan níbẹ̀."

Mo ní, "Kò sí, sà."

"Máa pa á lọ," ni Bàbá wí.