Imú Màlúù Nínú Ìwé Yèyé

"Di etí rẹ̀ mú dáadáa, má fọwọ́ kan imú!"

Mo fi gbogbo agbára ọmọ ọdún méje di etí ọmọ màlúù náà mú. Etí ọ̀hún gbóná, ó sì rọ̀ bí ewé kókò. Yèyé ti fi orúnkún há ọrùn ẹran náà mọ́ ògiri. Ó fi aṣọ gbígbẹ nu imú rẹ̀, ó tún un nù, nítorí imú màlúù kì í yé làágùn. Kí òógùn mìíràn tó yọ, ó ti mú páàdì yíǹkì, irú èyí tí a fi ń tẹ̀ka, ó rọra gbé e lé imú náà, ó sì tẹ páálí funfun pélébé mọ́ ọn láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Ọmọ màlúù sín, yíǹkì ta sí mi lójú. Nígbà tí Yèyé yí páálí náà padà, mo rí àwọn ìlà wẹ́wẹ́ lára rẹ̀, wọ́n là síhìn-ín là sọ́hùn-ún bí ilẹ̀ tó sán nígbà ọ̀gbẹlẹ̀.

"Kò sí màlúù méjì láyé yìí tí imú wọn bára mu," Yèyé wí. "Èèyàn ń tẹ̀ka, màlúù ń tẹmú."

Mo wo páálí náà, mo wo imú ẹran náà, mo tún wo ojú Yèyé. Ó dà bíi pé ó ti rí àṣírí kan tí Ọlọ́run fi pamọ́ sí ibi tí kò sẹ́ni tó ń wò. Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ ìyá àgbà yìí ti ń bà mí lẹ́rù, ẹ̀rù tó ń mú kéèyàn fẹ́ súnmọ́ ọn sí i.

Òun ló bí ìyá mi. Ìjàn-Èkìtì ló ń gbé, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo sì dàgbà sí. Olùkọ́ ni kó tó fẹ̀yìntì, àwọn tó kọ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ṣì ń yà fún un lọ́nà, bẹ́ẹ̀ àwọn náà ti ń hu ewú. Yorùbá inú ìwé ló máa ń bá wa sọ, àfi tí nǹkan bá gbá a lọ́kàn mú. Nígbà náà ni ilé á di ulé, tí ìwé á sì di ùwé, àwa náà á sì mọ̀ pé eré ti parí.

Màlúù tí Yèyé ń sìn kì í ṣe àwọn funfun gíga oníké tí gbogbo ayé mọ̀. Tirẹ̀ kúrú, wọ́n dúdú kirikiri, ẹ̀yìn wọn sì tẹ́ pẹrẹsẹ láìsí iké kankan. Irú èyí ni àwọn baba ńlá wa ń sìn kó tó di pé wọ́n ń dà á pọ̀ mọ́ oníké, tí ojúlówó rẹ̀ wá ń wọ́n. Àwọn tó kù tí wọ́n ń sìn ín kó ara wọn jọ, wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, wọ́n sì ní ìwé kan tí wọ́n ń kọ ìran àwọn ẹran wọn sí. Ẹni tó bá fẹ́ kí ẹran rẹ̀ wọ inú ìwé náà gbọ́dọ̀ mọ ìyá rẹ̀, kó mọ bàbá rẹ̀, kó mọ ọjọ́ tí wọ́n bí i, kó sì fi imú rẹ̀ ṣe ẹ̀rí.

Ṣùgbọ́n Yèyé ti ní ìwé tirẹ̀ kó tó gbọ́ orúkọ ẹgbẹ́ rí. Ìwé ńlá ẹlẹ́yìn líle ni, ó fi kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì bò ó lẹ́yìn, ó sì ń rùn bí èéfín, nítorí èèpo ọsàn gbígbẹ tó máa ń finá sí láàárọ̀ láti fi lé eṣinṣin. Kò sí ọjọ́ tó fò. "Òjò rọ̀. Ìrì ò jẹun tán." "Ẹsẹ̀ ọ̀tún Dúdúyẹmí wú díẹ̀." Kì í fi nǹkan kan ẹnu kó tó kọ ọ́. Èmi á jókòó tì í, ebi á máa pa mí, màá máa gbọ́ bí àwọn màlúù ṣe ń jẹ àpọ̀jẹ lẹ́yìn ògiri àti bí ojú kálàmù ṣe ń ha ìwé.

Àwọn ará àdúgbò ò fẹ́ràn ìwé yẹn. Wọ́n ní a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, ẹran tí a bá sì ń kà ṣáá, ikú á gbọ́ iye rẹ̀. Yèyé á rẹ́rìn-ín. "Èmi ò kà wọ́n. Orúkọ wọn ni mo ń kọ." Bó bá sì ti kọ ọ́ tán, á lọ dúró lẹ́nu ọgbà, á fọwọ́ lé iwájú orí èyí tó dàgbà jù nínú wọn, á sì máa kì í bí ẹni ń ki ìyàwó: "Dúdúyẹmí ọmọ Ìrì, Ìrì ọmọ Àdánìkàn, Àdánìkàn tí ìyá mi fà lé mi lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí mò ń lọ ulé ọkọ." Màlúù náà á dúró jẹ́ẹ́. Mo gbà nígbà náà pé ó gbọ́ ọ, mi ò sì tíì rí ẹni tó yí mi lọ́kàn padà.

Òfin ẹgbẹ́ ni pé bí abo bá ti jẹ́ ojúlówó fún ìran mẹ́rin léra, wọ́n á gbé ìdílé náà sínú Ìwé Àgbà, kò sì sẹ́ni tó lè yọ ọ́ níbẹ̀ mọ́. Àdánìkàn ni ìkíní, Ìrì ni ìkejì, Dúdúyẹmí ni ìkẹta. Dúdúyẹmí nìkan ló sì kù nínú ìdílé náà. Akọ ló ń bí ṣáá, ó sì ti ń darúgbó. Abo kan ṣoṣo péré ni Yèyé ń wá. Ó máa ń gbàdúrà sí i, mo máa ń gbọ́ ọ.

Ọdún tí mo pé mẹ́sàn-án, ní àsìkò máńgòrò, Yèyé lọ sí Adó fún àyẹ̀wò àwọn olùfẹ̀yìntì. Ó fi ilé sílẹ̀ fún mi. Iṣẹ́ mi ò ju kí n kó èèpo ẹ̀gẹ́ fún àwọn màlúù, kí n sì dá igi méjì tó dí ẹnu ọgbà padà sáàyè wọn. Mo kó èèpo. Bí mo ṣe ń jáde ni atẹ́gùn kan fẹ́, mo sì gbọ́ tí máńgòrò ń já lulẹ̀ gbì, gbì, lẹ́bàá ọ̀nà. Mo sáré lọ.

Nígbà tí mo máa fi gbójú sókè, agbo màlúù funfun kan ń kọjá lọ, Dúdúyẹmí sì wà láàrin wọn, ó kéré láàrin wọn bí ọmọ wọn. Akọ oníké kan ti gùn ún kí n tó débẹ̀. Bàbá arúgbó tó ń da agbo náà bá mi yọ ọ́ jáde, ó fi ọ̀pá rẹ̀ darí rẹ̀ wọlé, ó sì rẹ́rìn-ín sí mi. "Ọmọ, máa ti ọ̀nà ẹ o." Mo ti ọ̀nà. Mo tilẹ̀ fi ewé gbá ojú ẹsẹ̀ wọn rẹ́ nílẹ̀.

Nírọ̀lẹ́, Yèyé dé, ó ṣí ìwé rẹ̀ kó tó bọ́ bàtà. Bó bá ti rìnrìn àjò, èmi ló máa ń bi, ohun tí mo bá sì sọ ló máa kọ.

"Kí ló ṣẹlẹ̀ lónìí?"

"Kò sí nǹkan."

Ó kọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́: Kò sí nǹkan. Mo rí i lójú ìwé náà, ó gún régé, ó mọ́ bíi gbogbo èyí tó ti ń kọ bọ̀.

Oṣù kan lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé akọ ojúlówó kan wá láti Ìgèdè, ó sì lo ọ̀sẹ̀ kan lọ́dọ̀ wa. Yèyé kọ ọ́ pé akọ ti dé, ó tún kọ sábẹ́ rẹ̀ pé òun ò fojú ara òun rí i kó gùn. Bẹ́ẹ̀ ni ìwé rẹ̀ ṣe le tó.

Nínú ọyẹ́, Dúdúyẹmí bímọ. Abo ni! Dúdú ni, ó ń dán, ẹ̀yìn rẹ̀ sì tẹ́ pẹrẹsẹ. Yèyé bẹ́ sókè, ó fi ìró rẹ̀ nu ọmọ náà, ó ń sunkún ó ń rẹ́rìn-ín. Èmi náà yọ̀, mo sì sọ fún ara mi pé ó ti parí, kò sí iké, ọ̀rọ̀ ti tán.

Ọjọ́ kẹta ni akọ̀wé ẹgbẹ́ gun alùpùpù wá láti Adó. Oníṣòwò irin ni, ọmọ Alhájì kan, oníwà pẹ̀lẹ́, fìlà rẹ̀ funfun báláú. Yèyé tẹ imú ọmọ màlúù náà, èmi ni mo di etí mú. Ìlà imú náà yọ dáadáa. Akọ̀wé ti kọ orúkọ akọ Ìgèdè sí àyè bàbá lórí káàdì, ó kù kí Yèyé fọwọ́ sí i.

Yèyé ò fọwọ́ sí i. Ó ń ṣí ìwé rẹ̀ sẹ́yìn, ó ń fi ìka ka oṣù.

"Ọmọ yìí fi oṣù kan yá," ó ní.

"Ó máa ń rí bẹ́ẹ̀, Màmá. Kò sí ohun tí ò lè yá."

"Èyí tí oṣù rẹ̀ ò pé kì í dìde kí ìyá rẹ̀ tó lá a tán. Èyí dìde. Eyín rẹ̀ sì pé."

Akọ̀wé rẹ ohùn sílẹ̀. "Màmá, ẹran náà dúdú, kò níké. Ta ló máa mọ̀? Ìran kẹrin rèé o. Ẹ fọwọ́ sí i, ẹ jàre."

Yèyé gbójú sókè. Ohùn rẹ̀ ti yí padà. "Ùwé mi á mọ̀. Oṣù kan ṣáájú akọ Ìgèdè, ta ló wà nulé?" Ó tún fi ìka wá a. "Ọjọ́ tí mo lọ Adó. Ohun tí mo kọ síbí ni pé kò sí nǹkan."

Kò wo ọ̀dọ̀ mi. Ibẹ̀ gan-an ni mo ti mọ̀ pé bí mo bá dákẹ́, á fọwọ́ sí i. Ìwé rẹ̀ ló gbà gbọ́, ìwé sì ti ní kò sí nǹkan. Gbogbo ohun tó ń fẹ́ láyé wà lórí káàdì yẹn, ẹnu mi ló sì lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ọwọ́ mi bọ́ kúrò létí ẹran náà.

"Yèyé, èmi ni. Máńgòrò ni mo lọ ṣà. Mi ò ti ọ̀nà. Akọ funfun kan gùn ún, mo sì rí i."

Adìyẹ kan ń tan ilẹ̀ lẹ́yìn ilé, mo ń gbọ́ ọ. Mo ti ń múra sílẹ̀ fún ẹgba. Yèyé fa ìlà gba orí "Kò sí nǹkan", ó yí ìwé sí mi, ó sì na kálàmù rẹ̀ sí mi, kálàmù tí ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ kàn.

"Kọ ọ́."

Mo kọ ọ́, lẹ́tà mi ń ga ń kúrú: Mo lọ ṣa máńgòrò, mi ò ti ọ̀nà, akọ oníké gun Dúdúyẹmí, mo sì purọ́. Yèyé mú àtàǹpàkò mi, ó tẹ̀ ẹ́ sínú páàdì yíǹkì náà, ó sì tẹ̀ ẹ́ sábẹ́ ohun tí mo kọ. Ó wá gba káàdì, ó fagi lé orúkọ akọ Ìgèdè, ó sì kọ ọ̀rọ̀ kan: Àmúlùmálà. Akọ̀wé ṣí fìlà rẹ̀. Ó ní láti ìgbà tí òun ti ń gba káàdì, òun ò rí ẹni tó fọwọ́ ara rẹ̀ ti ilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀ rí. Yèyé ní kó má ṣe gbé káàdì náà lọ mọ́, kò wúlò fún wọn. Ó wá yíjú sí mi. "Mú un lọ bá ìyá rẹ̀, kó mu ọmú."

Gbogbo ìjìyà mi nìyẹn, àti orúkọ tó sọ ẹran náà: Máńgòrò. Tí àlejò bá béèrè ìdí, á ní kí wọ́n bi mí. Kí ọdún tó yípo, iké yọ lẹ́yìn Máńgòrò, ó tó ìkúùkù ọmọdé. Dúdúyẹmí ò bí òmíràn mọ́. Láàárọ̀, mo ṣì ń gbọ́ tí Yèyé ń kì í: Dúdúyẹmí ọmọ Ìrì, Ìrì ọmọ Àdánìkàn. Ó máa ń fẹ́ ṣe bíi pé ó ń lọ síwájú, á wá dákẹ́. Ìdákẹ́ yẹn dùn mí ju ẹgba lọ.

Ó ti di olóògbé báyìí. Èmi ni wọ́n fún ní ìwé náà, èmi náà sì ni mò ń tọ́jú ìwé ní ilé ìwòsàn kan ní Adó, níbi tí mo ti ń kọ orúkọ àwọn ọmọ tuntun sínú ìwé. Lọ́dún tó kọjá, mo ṣí ojú ìwé àtàǹpàkò mi. Yèyé ti lẹ káàdì Máńgòrò mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, imú dúdú yẹn ṣì hàn ketekete. Gọ́ọ̀mù ẹ̀yìn rẹ̀ ti gbẹ, káàdì náà sì já bọ́ sí mi lẹ́sẹ̀. Ọwọ́ ìkọ̀wé Yèyé wà lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀rọ̀ tí mi ò rí rí, bó ṣe máa ń kọ ọ́ fún ẹgbẹ́ gẹ́lẹ́:

Orúkọ: ọmọ ọmọ mi. Ìyá: àbíkẹ́yìn mi. Ìyá ìyá: èmi. Ìyá ìyá ìyá: ẹni tó fún mi ní Àdánìkàn. Ìran kẹrin. Ẹ̀rí: àtàǹpàkò rẹ̀. Ojúlówó.

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo sunkún bí ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Ó ti kọ mí sínú ìwé ìran rẹ̀ lọ́jọ́ tí mo gba ohun tó ń fẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì sọ ọ́ títí ó fi lọ. Títí di òní, èmi kì í jẹun kí n tó kọ̀wé, bí wọ́n bá sì ní kí n kọ ohun tí mi ò rí, àtàǹpàkò mi á máa gbóná.