Yìnyín Tí Baba Mi Gbé

Nígbà tí ààwẹ̀ ọdún yìí ku ọ̀la, inú ọkọ̀ ni mo wà, mò ń ti Mówè bọ̀ wálé ní Ìbàfò, nígbà tí bàbá mi pè mí láti Ìfọ̀. Ó ti rẹ̀ mí. Kì í ṣe àárẹ̀ tí oorun ń wò sàn ni mò ń sọ. Àárẹ̀ ẹni tó ti ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ fún ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń wú bó bá ti di ìrọ̀lẹ́, tí ọ̀nà tó ń gbà lọ sí ibi iṣẹ́ kì í sì í kúrò lábẹ́ àtúnṣe. Obìnrin kan gbé àpò gààrí lé mi lẹ́sẹ̀, n ò sì lágbára láti bá a fa ọ̀rọ̀, èmi tí gbogbo èèyàn mọ̀ pé ẹnu mi kì í dákẹ́.

Bàbá mi ò kí mi pẹ́. Ó ní, "Ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́la. Mo ní kí n tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹ."

Àṣà wa nìyẹn. Bí ààwẹ̀ bá ti ń wọlé, a máa ń pe ara wa, a ó ní bí mo bá ṣẹ̀ ọ́, nítorí Ọlọ́run, foríjì mí. Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í dárúkọ ẹ̀ṣẹ̀. Wọ́n á kàn tọrọ rẹ̀ lápapọ̀, torí ẹni tó bá lọ ń dárúkọ ẹ̀ṣẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó lè fi dá ìjà tuntun sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bàbá mi dárúkọ tiẹ̀.

Ó ní, "Ọ̀rọ̀ yìnyín tí mo máa ń sọ fún yín látìgbà tẹ́ ẹ ti wà ní kékeré, irọ́ ni. Mo ti dàgbà, mi ò fẹ́ gbé irọ́ wọ sàréè. Foríjì mí."

Mo ní, "Ó ti tán, Baba. Mo ti foríjì yín." Ọkọ̀ ti fẹ́ dé ibi tí mo ti ń bọ́ sílẹ̀, mo sì ń wá ẹsẹ̀ mi lábẹ́ àpò gààrí. Mo pa fóònù, mo sọ̀ kalẹ̀, mo lọ sílé lọ sùn.

Ilé iṣẹ́ rélùwéè ni bàbá mi ti fẹ̀yìn tì. Nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, tí òmìnira ilẹ̀ yìí ò tíì pẹ́, wọ́n rán òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì lọ sí Ọ́síríà, ní ilẹ̀ Yúróòpù, láti kọ́ bí wọ́n ṣe ń tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú irin ṣe. Ọdún tí wọ́n wà níbẹ̀ ni Òlíńpíìkì ìgbà òtútù bọ́ sí ilẹ̀ náà, ìyẹn ìdíje tí àwọn orílẹ̀-èdè ayé máa ń pé jọ sí láti sáré, láti fò, àti láti yọ̀ gẹ̀rẹ̀ lórí yìnyín. Gẹ́gẹ́ bí bàbá mi ṣe máa ń sọ ọ́, yìnyín kọ̀, kò bọ́ lọ́dún náà. Àlejò ti dé, ilẹ̀ gbẹ. Ni wọ́n bá kó àwọn sójà jáde pé kí wọ́n gun orí òkè lọ, níbi tí yìnyín ṣì wà, kí wọ́n rù ú wá. Ọwọ́ ò ká iṣẹ́ náà, ni bàbá mi àtàwọn méjì yẹn bá yọ̀ǹda ara wọn lọ́jọ́ ìsinmi. Wọ́n so apẹ̀rẹ̀ mọ́ wọn lẹ́yìn. Bí wọ́n bá da yìnyín ọ̀hún sílẹ̀ tán, wọ́n á máa fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ kó lè le, bí ẹni ń po amọ̀ ilé. Ó ní yìnyín ń yọ́ sí òun lọ́rùn, omi rẹ̀ ń gba ẹ̀yìn lọ sí ìdí, tíì gbígbóná àti búrẹ́dì sì ni wọ́n fi dá àwọn lọ́lá. Nígbà tí ìdíje bẹ̀rẹ̀, ẹnì kan ṣoṣo ló rí tó ré kọjá, kó sì tó ṣẹ́jú, ẹni náà ti lọ.

Nígbà tá a wà ní kékeré, ìtàn yìí máa ń kó wa jọ sí orúnkún rẹ̀. Nígbà tá a dàgbà, a sọ ọ́ di ẹ̀fẹ̀. Baba Yìnyín ni gbogbo àdúgbò ń pè é, ó sì ń jẹ́ orúkọ náà tẹ̀rín tẹ̀rín. Àwọn méjì tí wọ́n jọ lọ ti kú tipẹ́. Kò sí fọ́tò, kò sí ìwé, ẹnu rẹ̀ nìkan ló kù.

Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, àwọn àna wá tọrọ ọmọ mi obìnrin. Èèyàn pàtàkì ni wọ́n, bàbá ọkọ ìyàwó sì ti gbé Kánádà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Mo ti múra fún ọjọ́ náà fún oṣù mẹ́ta, mo yá àga, mo kun ilé, ẹ̀jẹ̀ mi ru. Bí bàbá mi ti gbọ́ Kánádà, ó tún ìjókòó rẹ̀ ṣe, ó bẹ̀rẹ̀ ìtàn yìnyín. Àna mi gbọ́ ọ dé ìdajì, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Baba, yìnyín ò wọ́n lọ́hùn-ún o. Ṣọ́bìrì la fi ń kó o kúrò lẹ́nu ọ̀nà ká tó lè jáde. Ta ló tún máa rù ú wá?" Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín. Ojú tì mí. Mo ní, "Baba, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi irọ́ yìí sílẹ̀."

A kì í sọ fún àgbà pé irọ́ ló ń pa. Bí irọ́ náà tilẹ̀ tó òkè Olúmọ, ohun tá a máa sọ ni pé bóyá ẹ gbàgbé ni, tàbí pé ó lè rí bẹ́ẹ̀, ká sì yí ọ̀rọ̀ sí ibòmíràn. Èmi fúnra mi ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹyin lohùn, tèmi sì ti balẹ̀. Bàbá mi wò mí, ó ní, "Ó dáa," ó sì mu omi. Láti ọjọ́ náà, kò sọ ìtàn yẹn mọ́, èmi sì rò pé àlàáfíà ló dé.

Ní ọjọ́ kejì ààwẹ̀ ni ọ̀gá wa, obìnrin tó ni iléèwé tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Mówè, ránṣẹ́ pè mí. Ó ń wo ìdíje òtútù tó ń lọ lọ́wọ́ ní Ítálì lórí tẹlifíṣọ̀n. Ó ní òun fẹ́ kí n kọ́ àwọn ọmọ praimárì fáìfù ní ìtàn rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí wọ́n lè sọ ọ́ níwájú àwọn òbí wọn. Oòrùn ń ta lórí páànù, iná ò sí ní kíláàsì, ọ̀nà ọ̀fun mi gbẹ. Àwọn ọmọ tí mo fẹ́ kọ́ yìí ò rí yìnyín rí, àfi èyí tí wọ́n ń tà nínú ọ̀rá fún àwọn tó ń ta ẹja. Mo ní, "Ẹ ṣeun, mà." Kí ni ǹ bá tún sọ?

Mo jókòó sí yàrá àwọn olùkọ́, mò ń kà lórí fóònù, orí ń fọ́ mi. Mo kà pé ó ti tó bí ọgọ́rùn-ún ọdún tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe é, ní ìsàlẹ̀ òkè ńlá kan ní ilẹ̀ Faransé. Wọn ò tilẹ̀ pè é ní Òlíńpíìkì lọ́jọ́ náà. Ọ̀sẹ̀ eré ìdárayá ìgbà òtútù lásán ni wọ́n pè é, ó di ẹ̀yìn tó ti parí kí wọ́n tó jókòó, kí wọ́n ní èyí tá a ṣe níjọsí, òun gan-an ni àkọ́kọ́. Mo kà pé àwọn ará àríwá Yúróòpù, tí yìnyín pọ̀ lọ́dọ̀ wọn jù, gan-an ni ọ̀rọ̀ náà ò kọ́kọ́ tẹ́ lọ́rùn, torí wọ́n ti ní ìdíje tiwọn nílé. Mo kà pé ogun àgbáyé dá a dúró, pé ọdún kan náà ni wọ́n máa ń ṣe òun àti ti ìgbà ooru kí wọ́n tó yà wọ́n sọ́tọ̀. Mo ka ti àwọn ọmọbìnrin Nàìjíríà tí wọ́n lọ wa ọkọ̀ tí ò ní táyà lórí yìnyín lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn. Inú mi dùn lọ́dún náà, mo rántí, ṣùgbọ́n gbèsè oorun tí mo jẹ ara mi ti pọ̀ jù, n ò rántí rẹ̀ mọ́ títí di ọjọ́ náà.

Mo dé orí ọdún tí wọ́n ṣe é ní Ọ́síríà, ọwọ́ mi dúró. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé yìnyín ò bọ́ tó lọ́dún náà. Wọ́n kọ ọ́ pé àwọn sójà ló lọ gé e lórí òkè, tí wọ́n sì rù ú sọ̀ kalẹ̀ wá síbi ìdíje. Wọ́n kọ ọ́ pé ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Olùkọ́ tó jókòó tì mí ní, "Àǹtí, ṣé kò sí o?" Mo ní ààwẹ̀ ni. Irọ́ lèmi náà pa yẹn. Inú bí mi, n ò sì rí ẹlòmíràn tí mo lè bínú sí. Láti ọdún mẹ́ta yẹn ni fóònù yìí ti wà lọ́wọ́ mi. Ìṣẹ́jú méjì péré ni ì bá gbà mí láti wádìí, n ò sì wádìí, torí mo ti dájọ́ tán. Nígbà tí ẹni tí mo dájọ́ fún wá tọrọ àforíjì, mo tún foríjì í.

Lọ́jọ́ Sátidé, mo gbéra lọ sí Ìfọ̀. Ọkọ̀ mẹ́ta ni mo wọ̀, ẹ́ńjìnnì ẹ̀kẹta sì gbóná lójú ọ̀nà, a dúró lábẹ́ igi títí ó fi tutù. Wọ́n ti kírun Alásàárì tán kí n tó dé àdúgbò wa. Ìyá kan wà tó ń ránṣọ lójú ọ̀nà ilé wa, òun ló dá mi dúró.

Ó ní, "Àǹtí tíṣà, ẹ káàbọ̀. Ẹ bá wa bi Baba wò o. Kí ààwẹ̀ tó wọlé, wọ́n ń lọ láti ojúlé dé ojúlé pẹ̀lú ọ̀pá wọn. Wọ́n ní ìtàn yìnyín tí àwọn máa ń sọ, irọ́ ni, ká jọ̀ọ́ ká foríjì àwọn. Wọ́n dé ọ̀dọ̀ Lèmọ́mù pàápàá. Mo ní Baba, kí ló dé, ìtàn tó dùn tó báyẹn? Wọ́n ní ọmọ àwọn tó kàwé ló sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀."

Ọmọ ọdún mẹ́rinlélọ́gọ́rin ni bàbá mi. Láti yàrá rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà, ó máa ń sinmi lẹ́ẹ̀kan.

Mo bá a lórí ẹní, ó ń fa tẹ̀sùbáà. Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Baba, ẹ foríjì mí."

Ó ní, "Fún kí ni? Mo ti foríjì gbogbo yín."

Mo ṣàlàyé fún un. Mo ṣí fóònù, mo fi àwòrán àwọn sójà tó ru yìnyín hàn án. Ó wọ awò ojú rẹ̀, ó wò ó pẹ́, ó sì dá fóònù padà fún mi.

Mo ní, "Òótọ́ lẹ sọ. Látọjọ́ yìí, òótọ́ lẹ̀ ń sọ."

Ó wá ní, "Lẹ́yìn ọjọ́ tó o bá mi wí yẹn, mo máa ń jókòó, mo máa ń rò ó. Mo ní ọmọ tí mo rán níwèé ò ní ṣàdédé sọ bẹ́ẹ̀ sí mi. Mo ní bóyá ẹnì kan ló sọ ọ́ fún mi. Bóyá mo lá a ni. Àwọn tá a jọ lọ ò sí láyé tí ǹ bá bi wọ́n. Tẹ́lẹ̀, bí mo bá dijú, mo máa ń rí òkè yẹn. Nígbà tó yá, mi ò rí i mọ́."

"Ẹ wà níbẹ̀, Baba."

"Mi ò lè búra."

"Mi ò ní kẹ́ ẹ búra. Ẹ kàn sọ ọ́ fún mi lẹ́ẹ̀kan sí i."

Ó mi orí. "Ààwẹ̀ wà lẹ́nu mi. Ọ̀rọ̀ tí mo ti tọrọ àforíjì lé lórí, mi ò fẹ́ padà sídìí ẹ̀. Ìwọ ló kà á. Ìwọ sọ ọ́."

Mo wá sọ ọ́. Mo sọ èyí tí mo kà, mo sì sọ èyí tí n ò lè kà níbì kankan, torí ẹnu rẹ̀ nìkan ni mo ti gbọ́ ọ, gbogbo rẹ̀, títí dórí omi tó ń gba ẹ̀yìn lọ. Mo sọ fún un pé ọmọ Nàìjíríà kan wà láàárín wọn, ọmọ rélùwéè, ará Ìfọ̀. Mò ń wo ojú rẹ̀ bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀, mò ń retí pé yóò já lu ọ̀rọ̀ mi, yóò ní kò rí bẹ́ẹ̀, báyìí ló rí. Ó kàn ń fetí sílẹ̀, bí ẹni ń gbọ́ ìròyìn láti ọ̀nà jíjìn.

Nígbà tí mo parí, ó mí kanlẹ̀. Ó ní, "Àwọn èèyàn yẹn mà ṣiṣẹ́ o. Ọlọ́run á bá wa san án fún wọn."

Mo ní, "Àmín, Baba."