Ewé Tí Leisau Rì Mọ́ Pápá Malatau

Ọdún mọ́kàndínlógún sẹ́yìn, ní ọjọ́ Sátidé kan tí òjò ṣú, ni Leisau àti Kalmaire kọ́kọ́ pàdé. Bọ́ọ̀lù tí Kalmaire gbá ni ó fo ọgbà, tí ó sì já sínú ọpọ́n aṣọ tí Leisau ń fọ̀. Leisau kò dá bọ́ọ̀lù náà padà àfi ìgbà tí Kalmaire tún gbogbo aṣọ náà fọ̀ tán. Nígbà tí ó yá, Leisau di afọṣọ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Malatau, Kalmaire sì di olùkọ́ wọn.

Ní ọdún tí à ń wí yìí, Malatau gba ife líìgì Vanuatu fún ìgbà àkọ́kọ́. Ohun méjì ni ó wà níwájú wọn: àṣekágbá ife orílẹ̀-èdè, àti ìdíje àwọn erékùṣù Pàsífíìkì ní Honiara. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn líìgì ni Baálẹ̀ Kalsong kú, ẹni tí ó fi ilẹ̀ rẹ̀ ṣe pápá fún wọn. Leisau ni àbúrò rẹ̀ kan ṣoṣo tí ó kù. Òun ni ó sì rì ewé namele, àmì ọ̀fọ̀, mọ́ àárín pápá, kí ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni má baà tẹ ibẹ̀. Ẹni tí ó bá rì í ni í dá ọjọ́ rẹ̀. Ìbá ti dá ọgbọ̀n ọjọ́, ṣùgbọ́n nínú ẹkún, ọgọ́rùn-ún ni ó jáde lẹ́nu rẹ̀. Ìdíje Honiara sì bọ́ sí ọjọ́ kejìlélọ́gọ́rin.

Àwọn agbábọ́ọ̀lù bá kó lọ sórí iyanrìn etíkun. Bọ́ọ̀lù kì í yí lórí iyanrìn bí ó ti ń yí lórí koríko. Ní àṣekágbá, lórí koríko, gbogbo bọ́ọ̀lù tí wọ́n fi ránṣẹ́ síra wọn ni ó ń sá kọjá. Ayò mẹ́ta sí òdo ni wọ́n fi lù wọ́n.

Láti ọjọ́ náà ni ara Leisau kò ti lélẹ̀ mọ́. Ó ń fọ aṣọ tí kò dọ̀tí. Ó ń sá a, ó ń ká a, ó tún ń rẹ ẹ́ sómi. Bí ó bá jókòó ti oúnjẹ laplap, kí ó tó bù ú lẹ́ẹ̀mejì, ó ti dìde lọ wo ewé náà.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Kalmaire bá a nídìí okùn aṣọ.

"Ìyá, ẹ ti fọ nọ́ńbà méje yẹn lẹ́ẹ̀mẹta lónìí. Ṣé ẹ fẹ́ fọ nọ́ńbà ọ̀hún kúrò lára ẹ̀ ni?"

"Bó bá kúrò, kò burú. Ẹni tó ń wọ̀ ọ́ náà kúkú dà bí ẹni tí ò sí lórí pápá lọ́jọ́ àṣekágbá."

Kalmaire rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò pẹ́. "Mi ò wá bẹ̀ yín o. Mo kàn ní kí n sọ pé Honiara ku ọjọ́ mẹ́tàlá."

"O ò wá bẹ̀ mí, o wá ń ka ọjọ́ sí mi létí."

"Ìyá, Baálẹ̀ ló fún wa nílẹ̀, òun náà ló gbà á padà. Mo ti gbà bẹ́ẹ̀."

"Irọ́ lò ń pa. Òkú kì í ti pápá. Èmi ni mo tì í. Bí mo bá fa ewé yẹn tu, ẹlẹ́dẹ̀ ni mo máa fi ṣètùtù ẹ̀. Èyí tí eyín ẹ̀ ti ká nìkan ni wọ́n ń gbà, ọ̀kan ṣoṣo ni mo sì ní, àsè ọgọ́rùn-ún ọjọ́ ni mo sì ń sìn ín fún. Kí ni kí n wá fi ṣe òkú ẹ̀gbọ́n mi? Ọṣẹ?"

Kalmaire bá a ká aṣọ tó kù lórí okùn, ó lọ.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Leisau fa ẹlẹ́dẹ̀ náà lọ sí pápá, ó fi í lé àwọn àgbà lọ́wọ́ pẹ̀lú ẹní kan. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun kò fi ilẹ̀ sílẹ̀ kí koríko lè hù lórí rẹ̀ lásán. Ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa ewé náà tu.

Ọjọ́ méjìlá ni wọ́n fi gbá bọ́ọ̀lù lórí koríko. Ní Honiara, wọ́n borí nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àkọ́kọ́, wọ́n ta ọ̀mì nínú ìkejì, ayò kan ṣoṣo sì lé wọn wálé nínú ìkẹta. Ní ọjọ́ ọgọ́rùn-ún, adìyẹ ni wọ́n fi jẹ àsè Baálẹ̀. Níbi tí wọ́n ti ń mu kava, àwọn kan ń sọ pé Leisau gé ọ̀fọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kúrú nítorí bọ́ọ̀lù. Àwọn mìíràn ní bí kò bá ṣe tirẹ̀ ni, ìtìjú ni wọn ìbá gbé bọ̀ láti Honiara. Gbogbo rẹ̀ ni ó ń dé etí rẹ̀. Títí di òní, kò tíì lè jókòó pẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ bá gba Malatau kọjá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe bi í bóyá ó kábàámọ̀. Ẹ bá a ká aṣọ.