Bulọ́ọ̀kù Tí Kì í Ṣe Tiwọn

Bọ́ọ̀sì tó ń kó àwọn ọmọléèwé ni Verna Killpack ń tún ṣe ní ìlú Grantsville. Tó bá di oṣù kẹjọ, tí omi bá ti gbẹ lórí pápá iyọ̀ Bonneville, ilẹ̀ títẹ́jú tí iyọ̀ bò, òun àti Lyle àbúrò rẹ̀ á wọ́ mọ́tò wọn lọ síbẹ̀ lọ sáré. Lyle ló ń to ẹ́ńjìnì, Verna ló ń wà á.

Ọ̀wọ́ eré tí wọ́n wà kò gba màgòmágó. Mọ́tò tí iléeṣẹ́ ṣe fún ará ìlú ni, ẹ́ńjìnì inú rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ jẹ́ irú èyí tí iléeṣẹ́ náà ń fi sínú irú mọ́tò bẹ́ẹ̀. Èèyàn lè tún inú rẹ̀ ṣe kó lágbára sí i, ṣùgbọ́n tí bulọ́ọ̀kù, irin ńlá tó jẹ́ ara ẹ́ńjìnì gan-an, bá ti jẹ́ ti ọkọ̀ mìíràn, ó parí nìyẹn. Ẹni tó bá sì gba ipò kìíní, àwọn aláyẹ̀wò á tú tirẹ̀ wò.

Lọ́dún tí à ń wí yìí, Verna sáré ju bí ẹnikẹ́ni ṣe sáré rí lọ nínú ọ̀wọ́ náà. Ó ku kó tún un sá láàárọ̀ ọjọ́ kejì kí wọ́n tó kà á sí tirẹ̀. Gbogbo èèyàn ń bá wọn yọ̀, Lyle nìkan ni kò fọwọ́ kan oúnjẹ.

"Kí ló dé tó o lejú báyìí? Àbí ìyàwó ẹ ti lé ẹ jáde?"

"Ó rẹ̀ mí ni, ẹ̀gbọ́n mi."

Nígbà tílẹ̀ mọ́, Verna ti wà nínú mọ́tò, ó ti dé àṣíborí. Lyle bẹ̀rẹ̀ láti fún bẹ́líìtì rẹ̀, ṣùgbọ́n ó tún fi í sílẹ̀.

"Verna," ó rọra sọ ọ́ sí i létí, "bulọ́ọ̀kù yẹn kì í ṣe tiwa. Tiwa sán nígbà òtútù. Ti ọkọ̀ akẹ́rù ni mo fi sí i. Mo lọ nọ́ńbà ara ẹ̀ dànù, mo tẹ òmíràn sí i."

"Ṣé orí ẹ pé ṣá?"

"Mo gbẹ́ inú ẹ̀ jù. Ẹ̀gbẹ́ kan ti fẹ́lẹ́. Mi ò mọ̀ bóyá kò ní bẹ́ lónìí."

"O wá jẹ́ kí n sá a lánàá!"



 Verna rántí Garth Pehrson, aládùúgbò wọn tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ bẹ́ lẹ́nu eré, tí ọ́ìlì dà sórí ẹ̀rọ tó gbóná, tí iná sì sọ. Verna wà lára àwọn tó sáré débẹ̀. Òórùn iná yẹn kò tíì kúrò nímú rẹ̀. Tó bá lọ, ó lè jóná. Tó bá lọ tó sì bọ̀, wọn á tú ẹ́ńjìnì. Tó bá sì sọ̀rọ̀, wọn á lé Lyle, bẹ́ẹ̀ kò sí ohun tí Lyle fẹ́ràn láyé tó eré yìí.

"Màdáámù Killpack, ọ̀nà ti ṣófo o! Ẹ máa lọ!" ọkùnrin tó ń dá wọn sílẹ̀ pariwo.

 Verna na ọwọ́, ó pa ẹ́ńjìnì.

"Kí ló ṣẹlẹ̀?" ọkùnrin náà bi í.

"Ẹ́ńjìnì yìí kì í ṣe ti ọ̀wọ́ wa."

 Ẹ̀rù ba Verna pé Lyle máa sẹ́, ṣùgbọ́n Lyle gbé ọwọ́ sókè.

"Èmi ni mo ṣe é. Kò mọ nǹkan kan."

Àwọn aláyẹ̀wò fagi lé eré àná, wọ́n sì ní Lyle ò gbọ́dọ̀ wọ pápá mọ́. Lójú ọ̀nà ilé, Verna ní kí Lyle tó ń wakọ̀ dúró, ó sọ̀kalẹ̀, ó bì. Lyle fẹ́ dì í mú.

"Má fọwọ́ kàn mí!"

Gbogbo ìgbà òtútù, wọn ò bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ẹ́ńjìnì tó tọ́ ni Verna fọwọ́ ara rẹ̀ tò, ó sì padà lọ lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Kò yá tó ti tẹ́lẹ̀. Bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́, etí rẹ̀ ń wá ìró kan tó lè yàtọ̀ títí mọ́tò fi dúró.

Nígbà tó ń wọ́ ọ jáde, ó rí Lyle lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì níta pápá, ó ń bi gbogbo ẹni tó ń jáde bóyá ẹ̀gbọ́n òun ti sáré tán ní àlàáfíà. Verna dúró.  Ó ṣílẹ̀kùn fún un.

"Wọlé, jàre. Ìwọ lo máa wà á délé."