Gbádé, Ẹni Tó Kọ̀wé Pé Àlàáfíà Lòun Wà

Háà, Gbádé! Ṣé bí o ṣe máa lọ nìyí, láìjẹ́ pé adájọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ lẹ́ẹ̀kan péré?

Àwọn tó mọ̀ ọ́ láti kékeré yóò sọ bí o ṣe jẹ́ akọni. Èmi kò mọ̀ ọ́ títí wọ́n fi tì ọ́ mọ́lé. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni mí ní Ìdógò, ṣọ́ọ̀ṣì kan náà sì ni èmi àti ìyá rẹ ń lọ. Nígbà tí lẹ́tà rẹ àkọ́kọ́ dé láti ọgbà ẹ̀wọ̀n, ọ̀dọ̀ mi ló gbé e wá, nítorí kò mọ̀wé kà, ẹsẹ̀ ríro kò sì jẹ́ kó lè wá wò ọ́. Mo kà á fún un, mo bá a fèsì, mo fi ìlà méjì tèmi kún un. O dá mi lóhùn. Bí ọ̀rẹ́ wa ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, fún ọdún méjì gbáko.

Ìwọ ni akọ̀wé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ kan tó ń lọ ẹ̀gẹ́ lójú ọ̀nà Ajílété. Ẹ̀rọ gé ọwọ́ ẹnì kan nínú yín, àwọn ọ̀gá ní kó máa lọ sílé. Ìwọ lo ní kí ẹnikẹ́ni má ṣiṣẹ́ mọ́ títí wọn yóò fi tọ́jú rẹ̀. Wọ́n ní o ba dúkìá jẹ́, wọ́n tì ọ́ mọ́lé de ìgbẹ́jọ́, kóòtù wá ń sún ẹjọ́ síwájú ṣáá. Síbẹ̀, òjò Ìdógò lò ń béèrè nínú lẹ́tà, àti ọwọ́ ọkùnrin yẹn: "Màmá Tíṣà, ṣé egbò náà ti jinná?" Bí mo bá bá ọ wí pé ìwé rẹ rí wúruwùru, wàá ní, "Ẹ rọra o, pàṣán yín ò lè dé ibí." Ẹ̀rín á pa mí.

Àdéhùn wa ni pé ọjọ́ tí ẹjọ́ rẹ bá bẹ̀rẹ̀ ni a ó fojú kan ara wa ní kóòtù. Mo ti lọ aṣọ tí mo máa wọ̀ sílẹ̀.

Gbádé, ẹ̀ṣẹ̀ kan wà tí mo gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́. Lẹ́tà kan dé tí kò ní ìkíni kankan. "Ikọ́ yìí fẹ́ pa mí" ni ìlà àkọ́kọ́. Mo ti kà á sókè kí n tó ronú. Ìyá rẹ bú sẹ́kún, kò sì jẹun fún ọjọ́ méjì. Inú bí mi sí ọ. Mo kọ̀wé pé: "Ṣé bí wọ́n ṣe kọ́ ọ ní lẹ́tà nìyẹn? Ọmọ gidi a kọ́kọ́ kí ìyá rẹ̀, a ní àlàáfíà lòun wà." Ohun tí mo fi kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé ní Ìlóbì fún ọgbọ̀n ọdún nìyẹn. Mi ò tilẹ̀ béèrè nípa ikọ́ náà lọ́wọ́ rẹ.

O gbọ́ràn sí mi lẹ́nu. Láti ọjọ́ yẹn, "Àlàáfíà ni mo wà, Màmá" ló ń ṣíwájú gbogbo lẹ́tà rẹ, mo sì gbà á gbọ́. Nígbà tí ọwọ́ rẹ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lórí ìwé, èmi tíṣà ní kí o máa fara balẹ̀ kọ̀wé.

Ẹni tí ẹ jọ wà ní yàrá kan náà ló sọ fún mi lẹ́yìn ikú rẹ pé ó ti tó oṣù mẹ́ta tí o ti ń wúkọ́ ẹ̀jẹ̀. Ká ní mo mọ̀ ni, ǹ bá ti ké dé ọ̀dọ̀ dókítà, dé ọ̀dọ̀ lọ́yà, dé ọ̀dọ̀ bíṣọ́ọ̀bù pàápàá. Inú pósí ni mo ti kọ́kọ́ rí ojú rẹ. O kéré sí bí mo ṣe rò ó. Mi ò rí ìtùnú kankan, mi ò sì ní ṣe bí ẹni tó rí i.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé ìsìnkú yìí ti mọ̀ báyìí. Ìyá Gbádé kò tíì mọ̀. Bí a bá ti ibi ìsìnkú dé, yóò gbé ìwé yìí wá bá mi, yóò ní kí n ka ohun tí mo kọ nípa ọmọ òun. Gbádé, mo lè fo ibi tí mo ti pa ọ́ lẹ́nu mọ́, kò ní fura. Mi ò ní fò ó.

Sùn re, ọ̀rẹ́ mi tí a kò jọ jókòó rí. Kí ìyá rẹ tó sùn lónìí, yóò ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ lẹ́nu mi.